Bí Eré Ìje Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́ni Mẹ́rin Ṣe Dáyé, àti Ìdí Tó Fi Yẹ Kó Dé Ọ̀jọ́

Ọdún 1983 tí ìjọba Alhaji Lateef Jakande dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, sílẹ̀ sí Ọ̀jọ́, ọdún náà gan-an ni ọkùnrin ará New Zealand kan, Robin Judkins, kó èèyàn 79 jọ sí etí òkun Kumara ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ó ní kí wọ́n sáré, kí wọ́n gun kẹ̀kẹ́, kí wọ́n sì fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré, láti etí òkun náà títí dé èyí tó wà ní òdìkejì erékùṣù wọn. Kìlómítà 243 ni, òkè gíga ló sì dábùú àárín rẹ̀. Coast to Coast ni wọ́n pe eré náà, wọ́n sì ń sá a títí dòní.

Nígbà yẹn, ẹni tó bá wù lè dá sá a, ẹlòmíràn sì lè mú ẹnì kejì. Ẹni tó sọ irú eré bẹ́ẹ̀ di ti ẹgbẹ́ ni Gérard Fusil, oníròyìn ará Faransé tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé e tẹ̀lé àwọn tó ń fi ọkọ̀ onígbòkun díje yí ayé ká. Ní 1989 ó gbé Raid Gauloises kalẹ̀, New Zealand náà ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni márùn-ún ni ẹgbẹ́ kan, obìnrin gbọ́dọ̀ wà nínú wọn, ẹ̀rọ kankan kò gbọdọ̀ gbé wọn rìn, gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ jọ dé òpin. Sìgá ni Gauloises tó fi orúkọ rẹ̀ sí eré náà, èyí kò sì dùn mọ́ mi nínú rárá, nítorí eré tó ń fẹ́ ẹ̀dọ̀fóró tó mọ́ kò yẹ kó máa polówó èéfín. Ṣùgbọ́n òfin Fusil dára. Obìnrin inú ẹgbẹ́ kì í ṣe ẹni tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́: bí kò bá sí níbẹ̀, ẹgbẹ́ kò lè gbéra, bí kò bá dé òpin, ẹgbẹ́ kò dé òpin.

Mark Burnett, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tó ti ṣe sójà rí kó tó kó lọ sí Amẹ́ríkà, kà nípa eré Fusil nínú ìwé ìròyìn ní 1991. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, òun àti ẹgbẹ́ tirẹ̀ lọ dán an wò ní Oman. Nígbà tó di 1995, ó dá Eco-Challenge sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Utah, ó sì gbé kámẹ́rà tẹ̀lé àwọn olùdíje wọnú igbó. Báyìí ni gbogbo ayé ṣe jókòó sílé wo àwọn tó ń tòògbé lórí ìrìn, tí ẹsẹ̀ wọn ti bó, tí wọ́n ń jiyàn lórí máàpù, tí wọ́n tún ń di ara wọn lọ́wọ́ mú sọdá odò.

Lóde òní, ẹni mẹ́rin ni ẹgbẹ́ sábà máa ń jẹ́, tọkùnrin tobìnrin. Máàpù àti kọ́ńpáàsì ni wọ́n fi ń wá ọ̀nà, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n lo fóònù. Wọn kò gbọdọ̀ jìnnà síra wọn. Bí ẹnì kan bá sì já sílẹ̀, àwọn mẹ́ta tó kù lè máa rìn lọ, àmọ́ wọn kò sí lára àwọn tí wọn yóò fún ní ipò mọ́.

Òfin yìí ló yí gbogbo nǹkan padà. Nínú eré ìje tí a mọ̀, ẹni tó bá yára jù ló ni ìyìn. Nínú èyí, ẹni tó yára jù kò wúlò bí kò bá mọ bí a ṣe ń dúró de èèyàn, torí ìrìn ẹni tó rọra ń rìn jù ni ìrìn gbogbo wọn. Okùn rọ́bà kan máa ń wà lára báàgì wọn. Ẹni tí agbára rẹ̀ ṣì kún á so orí kan mọ́ra, á so ìkejì mọ́ ẹni tó ti rẹ̀, á sì máa fà á gun òkè. Bó bá di ọjọ́ kejì, ẹni tí wọ́n fà lánàá lè di ẹni tó ń fa ọmọlàkejì rẹ̀. Wọ́n á já ẹrù gbà lọ́wọ́ ẹni tí inú ń run, wọ́n á pín in láàárín ara wọn, wọ́n á sì dúró tì í títí yóò fi jẹun. Ìtìjú kò sí níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ẹnì kan bá ti ń tijú láti sọ pé ó ti rẹ òun ni ẹgbẹ́ tó máa ń tú ká.

Ní 2019, Eco-Challenge wáyé ní Fiji. Ẹgbẹ́ 66 láti orílẹ̀-èdè 30 ló wá, kìlómítà 671 sì ni ọ̀nà wọn, lórí omi, nínú ẹrọ̀fọ̀ àti lórí òkè. Ẹgbẹ́ Onyx wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ nínú irú ìdíje ńlá bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ọmọ inú rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Bàbá kan náà wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Mark Macy, tó ti sá Eco-Challenge rí nígbà tí ara ṣì le. Ní 2018 ni dókítà sọ fún un pé ó ní àrùn Alzheimer's, èyí tó máa ń kó ìrántí èèyàn lọ díẹ̀díẹ̀. Travis ọmọ rẹ̀, tí òun náà jẹ́ eléré, ní àwọn á jọ lọ. Iṣẹ́ tí bàbá máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tẹ́lẹ̀, bíi dídi ẹrù àti rírántí ohun tó wà nínú àpò, ọmọ àti àwọn akẹgbẹ́ ló ń bá a ṣe é. Wọn kò dé òpin. Ẹgbẹ́ New Zealand ló gbégbá orókè lọ́dún yẹn. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n mú ẹgbẹ́ kan tó jẹ́ kí n mọ ohun tí eré yìí wà fún, ti Macy ni màá mú.

Ní Nàìjíríà, ohun tó sún mọ́ ọn jù tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ni Gulder Ultimate Search, ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n. Ní 2004 ló bẹ̀rẹ̀ ní Snake Island, erékùṣù tó wà lójú omi Èkó lọ́wọ́ Ápápá, Ezeugo Egwuagwu ló sì ṣe ipò kìíní. Eré tó dùn ún wò ni, mi ò ní tàbùkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe máa ń parí: wọ́n á pín àwọn èèyàn sí ẹgbẹ́, wọ́n á jọ gbé igi, wọ́n á jọ sọdá omi, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa lé ara wọn kúrò títí ẹnì kan ṣoṣo á fi gbé owó lọ. A gba igbó, a gba òùngbẹ, a gba kámẹ́rà, a wá fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ yẹn gan-an ni ọkàn eré náà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń wo ìhà Ọ̀jọ́. Ẹni tó bá dúró ní èbúté Ọ̀jọ́ láàárọ̀ á rí ọ̀sà tó nà lọ sí Àgbádárìgì, á rí àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń já èrò àti agbọ̀n ẹja sílẹ̀, á sì rí àwọn tó ń lọ sí Ìrẹ̀wẹ̀ àti àwọn ìlú Àwórì mìíràn tó wà lójú omi. Kó yíjú padà sẹ́yìn, ọgbà LASU nìyẹn, tó fẹ̀ débi tí èèyàn lè sáré nínú rẹ̀ láìbá mọ́tò jìjàdù. Ìba wà lókè, Òkòkòmáíkò wà lẹ́bàá títì, níbi tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line máa parí sí bí wọ́n bá ṣe é débẹ̀ láti Mile 2. Omi, iyanrìn, ẹrọ̀fọ̀, títì, gbogbo rẹ̀ ló wà.

Èèyàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí ló jẹ mí lógún jù. Ọmọ apẹja láti Ìrẹ̀wẹ̀ mọ omi ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọmọ tó dàgbà sínú bárékè Ọ̀jọ́ ti gbọ́ ariwo àwọn sójà tó ń sáré láàárọ̀ látìgbà tó ti ń rá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ní LASU á mọ máàpù kà. Ọmọ iṣẹ́ ní ọjà Alábà tó lè tú nǹkan kó sì tò ó padà á tún kẹ̀kẹ́ tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà ṣe. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyí ń kọjá lára wọn ní Ìyànà Ìba lójoojúmọ́, kò sì sóhun tó mú wọn mọra.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà á kọ́kọ́ sọ: omi kì í ṣeré. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló ti bá omi Èkó lọ, ìdí sì nìyẹn tí LASWA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi Èkó, fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí gbogbo èrò wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò bá lè lúwẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ wọ irú ìdíje yìí, àwọn ọlọ́kọ̀ tó mọ ọ̀sà gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ wọn, títì Àgbádárìgì sì gbọ́dọ̀ wà lóde ọ̀nà eré pátápátá. Koríko omi náà ń bẹ. Agbègbè ọ̀sà Àgbádárìgì yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà ní 1984, láti ìgbà náà ló sì ti máa ń dí ọ̀nà mọ́ ọlọ́kọ̀. Kí wọ́n bi àwọn apẹja léèrè ìgbà tí ojú omi máa ń mọ́ kí wọ́n tó mú ọjọ́.

Ti owó kò le tó bí wọ́n ṣe ń rò. Eré ọlọ́jọ́ mọ́kànlá ti Fiji ló ń gbówó lórí. Eré wákàtí mẹ́fà, tó bẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà LASU, tó gba Ìba yí padà dé èbúté, tó fi àjẹ̀ sọdá omi lọ síbi iyanrìn, tó sì padà, kò ju ọkọ̀ tí a lè háyà, kẹ̀kẹ́ tí a lè yá, máàpù tí a lè tẹ̀ àti omi mímu lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, LASU àti UNILAG jọ gba àwọn yunifásítì Áfíríkà lálejò fún ìdíje eré ìdárayá wọn. Iléèwé tó ṣe ìyẹn á lè ṣe èyí.

Ẹ̀yin aláṣẹ LASU, ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ àti ti Ìba, ẹ̀yin àjọ eré ìdárayá Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ yan ọjọ́ Sátidé kan. Ẹ ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́rin, kí obìnrin wà nínú rẹ̀, kí ẹnì kan, ó kéré tán, wá láti ìlú ojú omi. Ẹ má fún ẹni tó dá dé òpin ní nǹkan kan. Ẹgbẹ́ mẹ́wàá péré ti tó fún ọdún àkọ́kọ́.