Apẹ̀rẹ̀ Ẹ̀fọ́ Ọ̀sẹ̀: Ohun Tí Oṣù Kọ̀ọ̀kan Ń Kó Wá

Ẹni tó ń ra ẹ̀fọ́ lọ́jà, ohun tó wù ú ló ń rà. Ẹni tó ní ìpín lóko, ohun tí òjò bá fún un ló ń jẹ. Bí ètò náà ṣe rí nìyí: ẹ ó sanwó fún àgbẹ̀ kó tó gbìn, òun náà á máa di apẹ̀rẹ̀ ẹ̀fọ́ fún yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ará Japan ti ń ṣe é láti nǹkan bí ọdún 1970 sókè, teikei ni wọ́n ń pè é. Ní 1986, oko méjì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Massachusetts, èkejì ní New Hampshire. Ó jọ àjọ, àmọ́ owó àjọ kì í dín. Tí òjò bá kọ̀, àtàgbẹ̀ àtolùjẹ ló jọ ń gbé àdánù.

Kàlẹ́ńdà yìí bá ilẹ̀ Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ mu. Ìgbà òjò la ti bẹ̀rẹ̀ kíkà, torí oko kì í bẹ̀rẹ̀ ọdún ní Ṣẹ́rẹ́.

Ẹrẹ́nà àti Igbe (oṣù 3 sí 4). Òjò àkọ́rọ̀ dé. Iṣẹ́ pọ̀ lóko, apẹ̀rẹ̀ fúyẹ́. Ewúro tó ti wà lọ́gbà láti èṣí ló ń gbé e ró, torí òjò díẹ̀ ti tó o láti rúwé. Gbúre ń hù fúnra rẹ̀. Nínú ohun tí a gbìn, tẹ̀tẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dé: ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ó ti tó ó fà tu.

Èbìbí sí Agẹmọ (oṣù 5 sí 7). Ọ̀pọ̀ yanturu. Tẹ̀tẹ̀, ewédú, gbúre, àmúnútutù àti ebòlò á kún apẹ̀rẹ̀. Ṣọkọ náà á dé, èyí tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ṣọkọyọ̀kọ̀tọ̀, ń ṣèlérí pé ọkọ á sanra. Ilá ń so ní nǹkan bí ọjọ́ 50 sí 60 lẹ́yìn gbígbìn. Ọjọ́ méjì méjì la ń ká a. Tó bá pẹ́ jù, ó kó nìyẹn. Ẹ má retí tòmátì púpọ̀, òjò ń mú ewé rẹ̀ jẹrà. Omi pọ̀ nínú gbúre, nítorí náà ẹ má bu omi sí ọbẹ̀ rẹ̀.

Ògún (oṣù 8). Òjò máa ń dá díẹ̀. Ewé á dín, àgbàdo, ata àti elégédé á rọ́pò. Àgbẹ̀ ń ro oko, ó ń palẹ̀ mọ́ fún ìgbìn kejì.

Ọwẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà (oṣù 9 sí 10). Òjò padà, ewédú àti ṣọkọ tún yọ. Ata rodo so dáadáa. Nígbà tó bá di ìparí Ọ̀wàrà, àrọ̀kúrò òjò ti ń lọ, àgbẹ̀ sì ti ń wo ọ̀nà odò.

Bélú àti Ọ̀pẹ (oṣù 11 sí 12). Àkókò ìṣápá. Ìgbà tí ọ̀sán bá ń kúrú ló ń tanná, ìyẹn ni kì í fi í sí nínú apẹ̀rẹ̀ oṣù 6. Ẹ bọ ìṣápá funfun kí ẹ sì fún un, kí kíkan rẹ̀ lè dín, kó tó wọnú ẹ̀gúsí. Irúfẹ́ ilá ilẹ̀ wa kan tún wà tó ń ga bí igi kékeré, òun náà ń dúró de ìgbà yìí kó tó so.

Ṣẹ́rẹ́ àti Èrèlé (oṣù 1 sí 2). Ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ òkè gbẹ. Àkùrọ̀ ni gbogbo ẹ̀fọ́ ti ń wá, omi rẹ̀ sì ń ná àgbẹ̀ lówó: bí kì í bá ṣe epo ẹ̀rọ, a jẹ́ owó ẹni tó ń pọnmi. Ìdì ẹ̀fọ́ á kéré. Ewúro kì í yẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ mọ ibi tí omi wà.

Ìtọ́jú. Ẹ má fọ ẹ̀fọ́ kó tó wọ fíríìjì; ẹ fi bébà wé e. Tẹ̀tẹ̀ tí gbòǹgbò ṣì wà nídìí rẹ̀ lè dúró nínú omi díẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ewédú ni kí ẹ kọ́kọ́ sè, kí ilá tẹ̀ lé e.

Irúgbìn. Iléeṣẹ́ ìwádìí NIHORT, tó wà n'Ìbàdàn láti 1975, ló ń ṣiṣẹ́ lórí ewébẹ̀ àti èso. Ilá NHAe 47-4 tó tètè ń so, ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá.

Ìgbà ìsanwó. Èrèlé ni kí ẹ san owó ìpín ọdún tó ń bọ̀. Apẹ̀rẹ̀ ò ní wuni lójú nígbà náà, àmọ́ ìgbà náà gan-an ni àgbẹ̀ ń wá owó irúgbìn àti owó alágbàṣe, kí àkọ́rọ̀ tó bá a lójijì.