Orúkọ àti Ìran: Ìsọ̀rí Ewéko Láàrin Yorùbá àti Àwọn Onímọ̀ Ohun Abẹ̀mí

1.0 Ìfáárà

Lórí àtẹ aláta ní agbègbè Raji Rasaki Estate, ní Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin, a lè bá ata rodo, ṣọ́ńbọ̀, ata ilẹ̀ àti ataare. Gbogbo wọn ni ó ń ta ni lẹ́nu, ‘ata’ sì ni Yorùbá fi ń pe púpọ̀ nínú wọn. Ìsọ̀rí ti àwọn onímọ̀ ohun abẹ̀mí yàtọ̀ sí èyí. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà àti ìdí tí ó fi ṣe pàtàkì.

2.0 Ibi tí ìlànà méjèèjì ti pàdé

Ní ọdún 1753, nínú ìwé rẹ̀ Species Plantarum, ni Carl Linnaeus, ará Swídìn, ti fún ewéko ní orúkọ alápá méjì. Apá kìíní ń tọ́ka sí ọ̀wọ́. Apá kejì ń ya ẹ̀yà kan sọ́tọ̀ nínú ọ̀wọ́ náà. Àwọn ọ̀wọ́ tí ó bá tan mọ́ra ni a ń kó sínú ẹbí kan. Irú ìhun yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Amaranthus ni tẹ̀tẹ̀. Amaranthus spinosus ni tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún. Ìtumọ̀ kan náà ni spinosus àti ‘ẹlẹ́gùn-ún’ ní.

3.0 Ibi tí wọ́n ti pínyà

Capsicum ni ata rodo àti ṣọ́ńbọ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ọ̀wọ́ yìí ti ṣẹ̀ wá, àwọn àti tòmátì sì jọ wà nínú ẹbí Solanaceae. Ṣùgbọ́n Zingiber officinale ni ata ilẹ̀, Aframomum melegueta sì ni ataare. Zingiberaceae ni ẹbí àwọn méjèèjì. Òdòdó, èso àti, lóde òní, DNA ni onímọ̀ fi ń wá ìbátan, kì í ṣe bí nǹkan ti rí lẹ́nu. Yorùbá kò ṣìnà: ìlò ni ó ń wò, ìran ni onímọ̀ ń wò.

4.0 Ewu tí ó wà níbẹ̀

Ewúro kì í ṣe ewúro odò, tí í ṣe Struchium sparganophorum. Bí olùwádìí bá kọ ‘ewúro’ nìkan sínú àkọsílẹ̀ oògùn, ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn lè já ewé mìíràn. Orúkọ Látìn nìkan kò sì tó: Vernonia amygdalina ni a ń pe ewúro tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti gbé e lọ sí Gymnanthemum. Ẹ̀ka ewéko gbígbẹ tí a fi pa mọ́, bí irú èyí tí ó wà ní Forest Herbarium ní Ìbàdàn, ni ó ń jẹ́ kí a lè padà yẹ ohun tí a sọ lórúkọ wò.

5.0 Ìgúnlẹ̀

Nítorí náà, ó yẹ kí àkọsílẹ̀ ewé Yorùbá ní nǹkan mẹ́ta: orúkọ Yorùbá ní kíkún, orúkọ Látìn, àti ẹ̀ka ewéko náà gan-an.