Bí Ìdílé Ṣe Lè Gbé Ọmọ Kékeré àti Ẹni Tí Kò Lè Rìn Lọ sí Àgbádárìgì

Nígbà tí ìsinmi bá dé, tí ìdílé bá ń palẹ̀ mọ́ láti lọ wo òkun ní Àgbádárìgì, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó sábà máa ń jáde lẹ́nu ẹnì kan nínú ilé: "Ẹ jẹ́ kí Màmá jókòó sílé, wàhálà ọ̀nà yẹn yóò pọ̀ jù fún wọn." Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́ ni, wọn a ní kí ó dúró ti ìyá àgbà. Àánú ni àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ rò pé àwọn ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ojú òun kò fẹ́ rí nǹkan. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé àìbéèrè ọ̀nà ló ń da irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ rú ju àìlera lọ. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ọkọ̀ tó ṣí ni ó yẹ kí a ti parí iṣẹ́ tó pọ̀ jù.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ní mímọ̀ ni bí ìlú náà ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lọ síbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ rò pé bí àwọn bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, òkun ló kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sà ló wà lẹ́bàá ìlú; òkun wà ní òdìkejì, lẹ́yìn Gberefu. Ènìyàn yóò wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà, yóò sì tún rìn lórí iyanrìn kí ó tó dé etí òkun, ní ọ̀nà kan náà tí wọ́n gbà kó àwọn ẹrú lọ sínú ọkọ̀ tí kò dá wọn padà mọ́. Nítorí náà, ìrìn àjò méjì ni ó wà nínú ọ̀kan: ti inú ìlú àti ti òdìkejì omi. Ó dára kí a ṣètò wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ti inú ìlú ló rọrùn jù. Ìrántí igi Agia, níbi tí wọ́n ti wàásù ẹ̀sìn Kírísítì ní ọdún 1842, wà ní gbangba. Igi náà ti wó ní ọdún 1959, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí àga lè wo ibi tó dúró sí láìgun àtẹ̀gùn. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842 tí wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1845, kò rí bẹ́ẹ̀: àtẹ̀gùn nìkan ló dé òkè rẹ̀. Àwọn yàrá tóóró tí wọ́n ń kó ẹrú sí ní ilé Seriki Williams Abass náà kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ́ fún àga oníkẹ̀kẹ́.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a pe àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ lórí fóònù ṣáájú. Kí ìbéèrè má jẹ́ "Ṣé ó ṣeé wọ̀?", nítorí ẹni tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn a máa gbàgbé pé àtẹ̀gùn mẹ́ta wà lẹ́nu ọ̀nà òun. Àtẹ̀gùn mélòó ló wà níbẹ̀? Báwo ni ilẹ̀kùn ṣe fẹ̀ tó? Ṣé àga lè wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Àga àgbàlagbà sábà máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 70. Kí a wọn tiwa nílé, kí a sì ní kí wọ́n fi àwòrán ẹnu ọ̀nà ránṣẹ́.

Ní ti ọmọ kékeré, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìdílé Mobee lè dẹ́rù bà á. Kò sí ìdí láti parọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ ṣókí tí ọjọ́ orí rẹ̀ gbé ti tó. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kí àgbà kan mú un jáde, kí àwọn yòókù máa wòran lọ.

Orí omi ni ẹ̀mí ti wà nínú ewu jù. Kí oníkálukú wọ ẹ̀wù tí í gbé ènìyàn léfòó kí ọkọ̀ tó ṣí, kí ti ọmọdé sì bá ara rẹ̀ mu, nítorí ti àgbà lè bọ́ lọ́rùn rẹ̀ nínú omi. Ìyá tó mọ ọmọ ọ́n pọ̀n ní láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níhìn-ín: bí ọkọ̀ bá dojú dé, ọ̀já tó so ìyá mọ́ ọmọ lè di ìdè fún àwọn méjèèjì. Bákan náà, a kì í fi bẹ́líìtì de ẹnikẹ́ni mọ́ àga oníkẹ̀kẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Kí ó jókòó sórí ìjókòó ọkọ̀, kí a ká àga náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí a bá fẹ́ gbé e, kí a kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tí a lè dì mú. Ènìyàn kì í ṣe àpò gaàrí.

Lórí iyanrìn, táyà kékeré iwájú àga a máa rì. Ọgbọ́n rẹ̀ ni kí a yí àga padà, kí a dà á sẹ́yìn díẹ̀ sórí táyà ńlá, kí a máa fà á. Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Bí agbára kò bá gbé e dé etí òkun, kí àwọn ará ilé máa gba ara wọn sípò lábẹ́ ibòji, kí ẹnì kan má baà dá jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú.

Òkun ibẹ̀ kì í ṣe odò ìlúwẹ̀ẹ́. Ìgbì rẹ̀ a máa fa ènìyàn láti ìsàlẹ̀, kódà níbi tí omi kò ti ju orúnkún lọ. Kí ọmọ má jìnnà ju ibi tí ọwọ́ àgbà lè tó o lọ. Òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú, ló dára jù láti lọ.

Òfin náà kò dákẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin fún àwọn àkàndá ẹ̀dá ní ọdún 2011. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019 fún àwọn tó ní ilé ìlò gbogbo ènìyàn ní ọdún márùn-ún láti tún un ṣe kí àkàndá lè wọ̀ ọ́. Àsìkò náà ti pé ní 2024. Ó tún ní kí a kọ́kọ́ dá wọn lóhùn níbi tí èrò bá ti tò. Òfin kò lè gbé ẹnikẹ́ni gun àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ìdílé kan bá béèrè bí ilẹ̀kùn ṣe fẹ̀ tó ni ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ ń rántí gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀. Bí ìbéèrè náà bá pọ̀ tó, bópẹ́ bóyá, Màmá kò ní í jẹ́ ẹni tí wọ́n ń fi ṣọ́lé mọ́.