Òwò sáfà géèmù: Ìdúróṣinṣin ló ń mówó wọlé, kì í ṣe eré àsápajúdé

Ìyá olóúnjẹ lè mọ ọbẹ̀ sè títí, àmọ́ bó bá di aago méjì ọ̀sán tí èrò pé lé e lórí, tí oníbàárà jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó rí àmàlà gbà, ẹ mọ̀ pé lọ́jọ́ kejì, ìsọ̀ ẹlòmíràn lonítọ̀hún máa yà sí. Bọ́rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn nídìí òwò sáfà géèmù, ìyẹn òwò kéèyàn ní kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, kó máa fi í háyà fáwọn tó fẹ́ jọ pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi géèmù ṣeré. Ẹni tó bá fẹ́ kówó lé e lè rò pé bí ẹ̀rọ bá ṣe yára tó ni èrè máa pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ná. Sáfà dà bíi rẹfirí. Gbogbo ohun tí eléré kọ̀ọ̀kan bá tẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Òun ló máa ṣírò ẹni tó yìnbọn, ẹni tó kú àti ibi tí kálukú dúró sí, kó tó fi èsì ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá yíjú sí iṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní férémù, èyí tó bá sì ti ṣírò géèmù parí ni wọ́n ń pè ní tick.

Nínú géèmù Minecraft, ìgbà 20 ni sáfà gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò yìí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdá 50 péré nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá ni ààyè tó ní fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bíṣẹ́ bá ju ààyè yẹn lọ, gbogbo nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ìgbín, ohun téèyàn sì ti wó lulẹ̀ á tún padà dúró lójú rẹ̀. Ti Valorant, tí iléeṣẹ́ Riot Games gbé jáde lọ́dún 2020, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìgbà 128 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tó túmọ̀ sí pé ìṣirò kan kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bí ìdá 7.8 lọ nínú 1,000.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ owó ti wọ̀ ọ́. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà pín sí ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní core. Riot fẹ́ kí core kan ṣoṣo gba ju ìdíje mẹ́ta lọ, kí ìnáwó lè dín kù. Àmọ́ wọn ò kàn ki wọ́n mọ́ ara wọn. Iṣẹ́ tí kò pọn dandan ni wọ́n kọ́kọ́ gé kúrò: bí àpẹẹrẹ, ìṣirò bí ara àwọn eléré ṣe ń mì, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe é, dípò ìgbà gbogbo.

Oníṣòwò tí kò gé iṣẹ́ kù, tó wá ń to oníbàárà lé ara wọn lórí ẹ̀rọ kan, ti gbàgbé pé àṣejù ni baba àṣetẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́, nǹkan á máa lọ geere. Bó bá di alẹ́ ọjọ́ Sátidé tí gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan, ariwo á ta.

Nígbà tí Counter-Strike 1.6 àti Counter-Strike: Source ń jayé, àwọn tó ń fi sáfà háyà máa ń polówó férémù 1,000, wọ́n sì ń gba owó gegere lé e. Bẹ́ẹ̀, ìgbà 66 ni ọ̀pọ̀ sáfà Source ń ṣírò géèmù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Sáfà tó bá dúró lórí 66 láìyẹsẹ̀ sàn ju èyí tó ń fò sókè dé 1,000, tó tún já sí 40 nígbà tí ìjà bá le.

Kí ló máa ń fa jíjá yìí? Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ téèyàn rà láìbéèrè. Core kan ni Minecraft ń fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà core díẹ̀ tó yára dáa ju rẹpẹtẹ tó ń falẹ̀ lọ. Èkejì ni ooru. Bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ amúlétutù kú, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń gbé kọ̀ǹpútà nìkan, ọpọlọ ẹ̀rọ á gbóná, á sì dín eré rẹ̀ kù kó má baà jóná. Ẹ tún yí ètò tó ń fi iná pamọ́ kúrò, nítorí ó lè máa dín eré ẹ̀rọ kù láìsọ fún yín. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ mìíràn: ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣe ẹ̀dà fáìlì nírọ̀lẹ́, ẹ fi í sí ìdájí. Nínú Minecraft, ẹ lè dín view-distance, ìyẹn bí eléré ṣe ń ríran jìnnà tó, kù láti 10 sí 6 tàbí 7.

Ẹ má sì da èyí pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹni tó wà l'Ékòó tó ń lo sáfà tó wà ní London, ọ̀nà tó jìn ló ń dá a dúró. Kò sí àtúnṣe sáfà tó lè wo ìyẹn sàn. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ló ń ráhùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Bó bá jẹ́ gbogbo wọn ló pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, sáfà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Kẹ́ ẹ tó gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ wọn ẹ̀rọ yín lákòókò tí èrò pọ̀ jù. Ní Minecraft, láti ẹ̀dà 1.20.3 tó jáde lọ́dún 2023, àṣẹ tick query á fi bó ṣe ń lọ hàn yín. Ẹ kọ èyí tó burú jù sílẹ̀, kì í ṣe èyí tó dáa jù, ìyẹn sì ni kẹ́ ẹ ṣèlérí fún oníbàárà. Bí èrò bá wá pọ̀ sí i, ẹ ra ẹ̀rọ kejì, kẹ́ ẹ sì fowó kún iye tẹ́ ẹ̀ ń gbà. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á; oníbàárà tí kò rí ìdààmú lálẹ́ Sátidé kò ní jiyàn pẹ̀lú yín.