Kókó Inú Ọpọlọ

  Kókó tí ń hù nínú ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Bí kókó bá hù ní ikùn, ikùn lè wú, kí ènìyàn sì rí i. Ṣùgbọ́n agbárí dàbí ìkòkò tí a dé pa. Kì í fẹ̀ fún àlejò. Bí kókó ti ń dàgbà nínú rẹ̀, ọpọlọ ni yóò máa fún. Ìdí nìyí tí orí fi lè máa fọ́ ènìyàn lójoojúmọ́, pàápàá ní òwúrọ̀, tí yóò sì máa bì láìjẹ́ pé oúnjẹ ló ṣe é. Ojú lè máa ṣú, apá tàbí ẹsẹ̀ kan lè máa rọ, wárápá sì lè bẹ̀rẹ̀ lára àgbàlagbà tí kò ní i rí. Kì í ṣe gbogbo orí fífọ́ ni kókó o. Ṣùgbọ́n bí apẹja kò bá rí ihò àwọ̀n rẹ̀ dì mọ́, kí a má ṣe yára sọ pé ayé ló ń bá a jà.

Kí ni ó ń fa kókó? Ohun tíntìntín tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì ni a fi mọ ara wa. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni àwọn àṣẹ wà, tí à ń pè ní jíìnì. Àwọn kan ń sọ ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì yóò pọ̀ sí i, àwọn mìíràn ń sọ ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró. Bí irú àṣẹ wọ̀nyí bá bàjẹ́, sẹ́ẹ̀lì lè máa pọ̀ láìdúró títí yóò fi di kókó.

A máa ń wádìí ìdílé kí a tó fọmọ fún ọkọ, nítorí àrùn ìran. Ẹ jẹ́ kí èyí yé wa: nínú ọ̀pọ̀ aláìsàn, a kò jogún ìbàjẹ́ jíìnì yìí lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá. Inú ọpọlọ aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń bá ìran wá. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí a fi ń sá fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ní ilẹ̀ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹkù, ọmọ Awẹ́, tí a bí ní 1927, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ó kọ́ iṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà, ó sì padà wá sí UCH ní Ìbàdàn ní 1962. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkọsílẹ̀ irú kókó ọpọlọ tí wọ́n rí níbẹ̀, kí ó tó kú ní 1974. Ẹ́síréè ìgbà náà kò lè fi ọpọlọ gan-an hàn. Ní 1971 ni Godfrey Hounsfield àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ CT ya orí aláìsàn kan ní London, tí a sì rí inú ọpọlọ rẹ̀.

Àwòrán a máa fi ibi tí kókó wà hàn, ṣùgbọ́n kì í sábà sọ irú èyí tí ó jẹ́. Ẹ wo ẹ̀gẹ́ nínú oko: méjì lè jọra, kí ọ̀kan dùn, kí èkejì korò kí ó sì ní májèlé. Nítorí náà, dókítà a gé díẹ̀ lára kókó, a ó sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Síbẹ̀, ojú a máa tan ni jẹ. Ní 2008, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé jíìnì kan, IDH1, ti yí padà nínú àwọn kókó kan. Ẹni tí kókó rẹ̀ ní ìyípadà yìí sábà máa ń pẹ́ láyé ju ẹni tí tirẹ̀ kò ní i lọ. Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ẹ̀rí jíìnì kún ohun tí a fi ń sọ kókó ọpọlọ lórúkọ. Ní 2024, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan, vorasidenib, fún irú àwọn kókó kan tí wọ́n ní ìyípadà bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí i pé orúkọ àrùn ni ó ń tọ́ka sí oògùn rẹ̀?

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ kókó tí kò rí lórúkọ. Bí ẹ bá rí àmì tí a kà wọ̀nyí, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́. Bí ó bá yẹ, wọn yóò kọ̀wé fún yín lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.