Ọmọ ọdún 15, àdéhùn ọdún 10: Ta ló ń bá àwọn ọmọbìnrin wa ka ìwé kí wọ́n tó fọwọ́ sí i?

Ojú ewé mẹ́rin péré ni ìwé náà. Àbúrò ìyá mi fi ọ̀rá wé e, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ Bíbélì lórí tábìlì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Aládé ni, mi ò tíì bọ́ bàtà tán tí wọ́n fi nà án sí mi.

"Lọ́yà, jókòó. Bá mi ka nǹkan yìí kí o tó jẹun."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mi ò gba ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rò rí. Ọ̀rọ̀ kíkọ ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ òfin, ìyẹn sì ti tó kí gbogbo ẹbí máa pè mí ní Lọ́yà títí ayé.

Ọmọ wọn obìnrin ló ni ìwé náà. Ọmọ ọdún 15 ni, ẹ̀gbẹ́ òsì ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ní Ìdànrè, tí òkè yí ká, àwọn ọmọ kì í bẹ̀rù ìdàgẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí kóòṣì wọn bá fẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn le, yóò kó wọn lọ gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, àtẹ̀gùn tó lé ní 600, èyí tí àwa tá a wá láti ìlú ńlá máa ń gùn pẹ̀lú omi oníke lọ́wọ́ àti ẹ̀dùn nínú. Ẹnikẹ́ni kì í san owó oṣù fún kóòṣì yìí. Ó kàn fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ni.

Ọkùnrin kan ló wá wo wọn níbi ìdíje kan. Ó ní ejẹ́ńtì lòun, ó ní òun máa mú ọmọ náà dé Yúróòpù. Ó fún ìyá rẹ̀ níwèé, ó ní kí wọ́n fọwọ́ sí i kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé.

Mo kà á. Àdéhùn ọdún 10. Ìdajì gbogbo owó tí ọmọ náà bá rí nídìí bọ́ọ̀lù, ti ọkùnrin náà ni. Páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Bí ọmọ náà bá dáwọ́ bọ́ọ̀lù dúró, nítorí ìdí yòówù kó jẹ́, ìyá rẹ̀ yóò dá gbogbo "owó ìtọ́jú" padà. Iye owó ìtọ́jú yìí ò sí nínú ìwé o. Wọ́n fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Àwọn àgbà ní ọmọdé ò moògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Lọ́jọ́ yẹn, àgbà gan-an ń múra láti se é lọ́bẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí yìnyín

Nígbà tí mo ń ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí, ibi tó jìnnà sí Aládé gan-an ni ọkàn mi lọ: Rọ́ṣíà, níbi tí àwọn ọmọbìnrin kéékèèké ti ń ṣe eré orí yìnyín tí wọ́n ń pè ní figure skating. Bí ẹ bá rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó mọ̀ ọ́n: bàtà onírin, orin, kí wọ́n máa fò, kí wọ́n máa yípo lófuurufú.

Yulia Lipnitskaya jẹ́ ọmọ ọdún 15 nígbà tó bá Rọ́ṣíà gba góòlù pẹ̀lú ikọ̀ wọn ní Òlíńpíìkì Sochi lọ́dún 2014. Gbogbo ayé ń pariwo orúkọ rẹ̀. Nígbà tó fi máa pé 19, ó ti kúrò nídìí eré náà, òun fúnra rẹ̀ sì sọ pé àìsàn àìlèjẹun ni òun ń gba ìtọ́jú fún. Alina Zagitova gba góòlù tirẹ̀ ní 2018, ọmọ ọdún 15 lòun náà. Ní Oṣù Kejìlá 2019 ó dá ìdíje dúró, kò sì tíì pé 18. Lẹ́yìn náà ni Kamila Valieva dé Beijing ní 2022, ọmọ ọdún 15 kan náà. Wọ́n bá oògùn tí òfin kọ̀ nínú ara rẹ̀, ó ṣubú lójú gbogbo ayé, ó sì gba ìyà ìfòfindè ọdún mẹ́rin.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọdún 15 ṣáá? Torí pé ara tó fúyẹ́, tí kò tíì di ara obìnrin tán, ló rọrùn fún láti fò kó sì yípo lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó balẹ̀. Bí ìdí bá ti ń yọ, tí ọmú ń yọ, fífò náà á di ìṣòro. Àwọn tó ń kọ́ wọn ti mọ̀, torí náà ọmọ mìíràn ti wà lẹ́yìn tó ń dúró. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Valieva ni àjọ tó ń darí eré náà lágbàáyé sún ọjọ́ orí tí ọmọ lè fi bá àgbà díje láti 15 lọ sí 17. Òfin yìí dára, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ fún àwọn mẹ́ta yẹn.

Ẹ lè sọ pé, "Àǹtí, kí ló kan Ìdànrè pẹ̀lú yìnyín?" Ó kàn wá. Ìbéèrè kan náà ni: tí ọmọbìnrin bá dára nígbà tó wà lọ́mọdé, ta ló ń ronú nípa bó ṣe máa rí nígbà tó bá dàgbà?

Ẹ bá mi ṣírò

Nàìjíríà mọ bí a ṣe ń rí ọmọbìnrin tó mọ eré. Ìyẹn ò sí lára ìṣòro wa. Ikọ̀ Falconets, àwọn tí ọjọ́ orí wọn ò ju 20, dé àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní 2010 àti 2014. Jámánì ló nà wá nínú méjèèjì. Àwọn Flamingos, àwọn tí kò ju ọdún 17, gba ipò kẹta ní India ní 2022, Jámánì kan náà ni wọ́n sì nà. Inú wa dùn, a fi àwòrán wọn sórí status, a sì gbàgbé orúkọ wọn.

Ẹ wá wò ó. Agbábọ́ọ̀lù 21 ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa ń kó lọ sí ìdíje àwọn tí kò ju ọdún 17. Tẹ́lẹ̀, ọdún méjì-méjì ni. Láti 2025, ọdọọdún ni. Àgbà ikọ̀, ìyẹn Super Falcons, kó 23 lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2023. Àwọn ìjókòó 23 yìí kì í ṣófo kíákíá. Onome Ebi nìkan lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé mẹ́fà, láti 2003 títí dé 2023. Mo yìn ín, akin ni. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé bí 21 bá ń wọlé nísàlẹ̀ lọ́dọọdún, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ní í rí àyè jókòó lókè. Kì í ṣe pé wọn ò mọ bọ́ọ̀lù. Àyè ni kò sí.

Mo mọ àwọn tó débẹ̀. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, gbá bọ́ọ̀lù méje wọlé ní Kánádà ní 2014, òun ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù àti ti ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé jù. Ó ti ibẹ̀ dé Liverpool, Arsenal àti Barcelona, ó sì di agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù ní Áfíríkà nígbà mẹ́fà. Rasheedat Ajibade ti ikọ̀ àwọn ọmọdé dé ipò balógun Super Falcons tó gba ife Áfíríkà ní Morocco ní 2025, lẹ́yìn tí wọ́n ti ń fi góòlù méjì sódo lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ààrẹ Tinubu kéde 100,000 dọ́là fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ilé.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ikọ̀ yìí kan náà jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì ní South Africa ní 2004 torí owó wọn tí wọn ò san, wọ́n sì jáde ṣe ìwọ́de ní Àbújá ní 2016, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ife bọ̀. Bí ti àgbà bá rí báyìí, báwo ni ti ọmọ ọdún 15 ní Aládé ṣe máa rí?

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù. Falilat Ogunkoya gba góòlù 200 mítà níbi ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní Athens ní 1986. Ìgbà wo ló gba àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì? Ní Atlanta, ní 1996. Ó gba bàbà nínú 400 mítà, ó sì fi 49.10 sẹ́kọ́ńdù sá a. Ọdún mẹ́wàá gbáko ló wà láàrin ìràwọ̀ ọmọdé àti ìràwọ̀ àgbà. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sáré nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó lọ sí yunifásítì ní El Paso ní Texas, ó ń kàwé, ó ń sáré. Ní 2022 ló sá 12.12, ó sì gba ipò àkọ́kọ́ lágbàáyé. Ìwé ò gba eré lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ló gbé e dé ibi tí eré ti pọ́n.

Ohun tí òfin sọ

Ẹ jẹ́ kí n lo oyè òfin mi díẹ̀, kó má baà jẹ́ pé mo kàn fi ṣe fọ́rífọ́rí.

Àkọ́kọ́, lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Ohun tó máa ṣe ọmọ náà láǹfààní ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú nínú gbogbo ìpinnu lórí rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Òǹdó náà ní irú òfin yìí.

Ìkejì, FIFA ò gbà kí agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì pé 18 ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn, àyàfi nínú ìwọ̀nba ìdí tí wọ́n là sílẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣèlérí fún ọmọ ọdún 15 pé "oṣù tó ń bọ̀ o ti wà ní Yúróòpù", ẹ bi í pé ọ̀nà wo ni. Kódà àdéhùn iṣẹ́ bọ́ọ̀lù tí ọmọ tí kò tíì pé 18 bá ṣe pẹ̀lú ẹgbẹ́ ò gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́ta lọ.

Ìkẹta ni ti ejẹ́ńtì. Lábẹ́ òfin tí FIFA gbé jáde, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023, ejẹ́ńtì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, ẹ sì lè wá orúkọ rẹ̀ lórí íkànnì FIFA lọ́fẹ̀ẹ́. Àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú agbábọ́ọ̀lù ò gbọdọ̀ ju ọdún méjì. Kò gbọdọ̀ tọ ọmọdé lọ láìjẹ́ pé òbí ti kọ ìwé gbà á láyè. Ti iye owó ejẹ́ńtì, òfin yẹn fi í sí 5 nínú 100 tàbí 3 fún ẹni tó ń ṣojú agbábọ́ọ̀lù nìkan. Àwọn ejẹ́ńtì gbé e dé ilé ẹjọ́ ní Yúróòpù pé ó kéré jù, FIFA sì ní kí apá yẹn dúró ná. Ṣùgbọ́n 50 nínú 100? Èmi ò mọ orúkọ tí mo lè pe ìyẹn ju olè lọ.

Ìkẹrin, páásípọ́ọ̀tù ọmọ kì í gbé lọ́wọ́ àlejò. Ẹni tó bá ní òun máa tọ́jú rẹ̀ fún yín, ẹ pe NAPTIP, iṣẹ́ wọn ni.

Ìkarùn-ún kan kóòṣì tí kò gbowó yẹn. Bí ẹgbẹ́ kan bá ra agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ òmíràn nílẹ̀ òkèèrè kí àdéhùn rẹ̀ tó parí, 5 nínú 100 owó náà máa ń padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ tó sì ní àkọsílẹ̀ ni wọ́n ń san án fún o. Mélòó nínú àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké wa ló ní? Ibí ni àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ ti lè wúlò, kí wọ́n ràn wọ́n lọ́wọ́ láti forúkọ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Sunshine Queens wà ní Àkúrẹ́, kò jìnnà. Kí ló dé tí ọmọ Aládé kò fi lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó máa sùn sílé ìyá rẹ̀, kó sì máa lọ síléèwé?

Ìbéèrè tí kò jẹ́ kí n sùn

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún àbúrò ìyá mi. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, "Ọpẹ́lọpẹ́ pé o wá." Mo rò pé ó ti parí.

Àṣé ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Àǹtí, tí kò bá wá sí ẹlòmíì tó máa wá ńkọ́?"

Mi ò lè parọ́ fún un. Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má wá mọ́. Ilé tó jẹ́ pé owó kòkó ọdún kan ni wọ́n ń fi jẹ títí di òmíràn, èèyàn kì í fojú kéré àlejò tó dárúkọ Yúróòpù. Ìdí tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi ń rí ẹni fọwọ́ sí i nìyẹn. Kì í ṣe pé àwọn òbí wa gọ̀. Ẹnikẹ́ni mìíràn ò kan ilẹ̀kùn wọn ni.

Ohun tí mo sọ fún un ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀, tirẹ̀ ni. Orúnkún kan tó bá já lè fi ẹsẹ̀ náà jókòó fún oṣù mẹ́sàn-án, irú rẹ̀ sì máa ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ẹni tó bá gba ìdajì ọdún 10 rẹ̀ lónìí ò ní í bá a gbé ìrora yẹn. Mo ní kó kọ́kọ́ parí ìwé mẹ́wàá. Ó ṣe mí bíi pé mò ń sọ̀rọ̀ bíi bàbá mi, tó ní kí n yan ìwé nígbà témi náà ń sáré 200 mítà níléèwé. Ṣùgbọ́n èmi ò ní kó yan ọ̀kan. Mo ní kó di méjèèjì mú.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lórí fóònù ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Àkúrẹ́, tí ẹ mọ ìwé kà, tí ẹ lè wá orúkọ ejẹ́ńtì lórí íkànnì láàrin ìṣẹ́jú méjì: ẹ ní àbúrò tó ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí tó ń sáré nílé. Ẹ pè é. Ẹ bi í bóyá ẹnì kan ti fún un níwèé.

Èmi àti àbúrò ìyá mi kọ ìlà méjì ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà lórí WhatsApp: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi nọ́ńbà ìwé àṣẹ yín láti ọ̀dọ̀ FIFA ránṣẹ́ sí wa. Ẹ ṣé."

Ó ti kà á. Kò tíì fèsì.

Ọmọ náà ò bá mi sọ̀rọ̀ fún odidi ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, kí n tó wọ mọ́tò, mo rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síléèwé, bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ rọ̀ mọ́ báàgì.