Ike Tó Ń Sọ Oòrùn Di Iná

Ẹ̀wù funfun àti awò ojú ni wọ́n kọ́kọ́ fún wa lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìwádìí náà, ní yunifásítì kan ní London. Lórí tábìlì àkọ́kọ́, inú ìgò roboto ni wọ́n ti ń so mólékù kéékèèké mọ́ra, títí wọn yóò fi gùn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sókùn. Ohun tí wọ́n ń pè ní pọ́límà nìyẹn, ọmọ ìyá ike àti ọ̀rá. Ẹyọ kan ń fún ni ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, èyí tó tẹ̀ lé e ń gbà á. Bí wọ́n bá ṣe tò wọ́n ló ń sọ irú ìmọ́lẹ̀ tí pọ́límà náà yóò lè gbà.

Tábìlì kejì ni mo dúró sí jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń mú wa káàkiri ki ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó wà lára àpótí kan tí gáàsì náítírójìn kún inú rẹ̀. Ó kán omi aláwọ̀ búlúù sójú gíláàsì pelebe, ó tẹ bọ́tìnnì, gíláàsì sì ń yí bírí. Kíá ni omi tàn ká tó sì gbẹ. Ohun tó kù sójú gíláàsì nípọn tó nǹkan bíi nanomita 100 péré.

Pọ́límà PM6 àti mólékù Y6, tó ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀, ló wà nínú omi náà. Wọ́n gbọ́dọ̀ pò pọ̀ dáadáa, torí agbára tí ìmọ́lẹ̀ jí nínú pọ́límà kì í sábà rìn ju nǹkan bíi nanomita 10 lọ kó tó kú. Bí kò bá tètè kan Y6, iná kò ní jáde.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá fi fàdákà bo ojú rẹ̀, wọ́n á gbé e sábẹ́ iná tó ń tàn bí oòrùn ọ̀sán láti wọn ìdá ìmọ́lẹ̀ tó ń sọ di iná. Ní 1986, Ching Tang ní ilé-iṣẹ́ Kodak rí nǹkan bíi ìdá 1 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ sọ di iná. Ní 2019, ikọ̀ Yingping Zou ní Ṣáínà gbé Y6 jáde, ó sì kọjá ìdá 15. Lónìí, àwọn kan ti kọjá 19. Ìṣètò mólékù ló ṣe é.

Panẹ́ẹ̀lì oníke tí wọ́n bá fi irú nǹkan yìí ṣe fúyẹ́, ó ṣe é ká, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì lè tẹ̀ ẹ́ sórí ọ̀rá. Ṣùgbọ́n oòrùn, ooru àti afẹ́fẹ́ a máa bà á jẹ́, nígbà tí panẹ́ẹ̀lì sílíkọ́nì sábà máa ń ní ìdánilójú ọdún 25. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé panẹ́ẹ̀lì oníke wá tà fún yín, kí ẹ tó béèrè iye rẹ̀, ẹ bi í pé ọdún mélòó ni yóò lò nínú oòrùn.